Èsì mi sí bàbá tó kọ̀wé láti Ṣágámù lórí fíìmù Íńdíà

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà bébà. Aránṣọ ni mí n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ọdún 23 rèé tí mo ti wà nídìí maṣíìnì, mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kankan rí, àmọ́ lẹ́tà tí bàbá kan kọ láti Ṣágámù tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́jọ́sí, tí wọ́n ní fíìmù Íńdíà ló ń ba àwọn ọmọbìnrin wa jẹ́, pé wọ́n á rí ọkùnrin lójú títì láàárọ̀ wọ́n á ti bá a sá lọ tó bá fi máa dalẹ́, tí wọ́n tún ní ijó ká máa yí igi ká ni gbogbo ìfẹ́ tó wà ńbẹ̀, lẹ́tà yẹn ò jẹ́ n gbádùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ń kà á sókè bí mo ṣe ń gé aṣọ lọ́wọ́, mo sì fi ìbínú gé apá bùbá kan kúrú, ẹni tó laṣọ ṣì ń bá mi fà á di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Bàbá, ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mí. Ẹ ò parọ́, àmọ́ ibì kan lẹ dì mú. Íńdíà yẹn ò kí ń ṣe ilé kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n ń jó yí igi ká tẹ́ ẹ wò ní sinimá nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ọ́, èdè Hindi ni ọ̀pọ̀ wọn, ìlú Mumbai ni wọ́n ti ń ṣe é, òun náà ni wọ́n ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tó ń jáde lórí tẹlifíṣàn ní gbogbo alẹ́ tí àwọn ìyàwó ilé ò fi gbọ́ ìgbà tí ọbẹ̀ ń jóná. Èyí témi fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, Malayalam ni wọ́n ń pe èdè wọn, ìpínlẹ̀ Kerala ni wọ́n wà, nísàlẹ̀ Íńdíà lọ́hùn-ún lápá ìwọ̀ oòrùn, etí òkun gbáà. Àgbọn ló kún ibẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń sè tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ ẹja jẹ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ àti ẹja síwájú ọkọ ìyàwó nínú fíìmù, mo ní ha, àwọn wọ̀nyí ará ilé wa ni wọ́n, ó kù kí wọ́n mọ̀ ọ́n yan ní gààrí.

Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé l'Ágọ̀-Ìwòyè ló kó mi wọ̀ ọ́, lásìkò kan tí ilé-ìwé wà ní títì tó wá jókòó tì mí nílé. Ó ní "Màámi, ẹ wá wo ọmọ Nàìjíríà nínú fíìmù Íńdíà." Sudani from Nigeria ló ń jẹ́, 2018 ló jáde. Samuel Abiola Robinson, ọmọ ìlú wa, ló ṣe agbábọ́ọ̀lù tó lọ ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Malappuram, ní Kerala yẹn, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni méje-méje tí wọ́n fẹ́ràn lọ́hùn-ún bí ẹni máa kú, gbogbo aláwọ̀ dúdú tó bá sì wá gbá a, Sudani ni wọ́n ń pè é, ì báà ṣe ibi yòówù kó ti wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣèṣe, máníjà rẹ̀ gbé e lọ sílé ara rẹ̀, ìyá máníjà àti ìyá aládùúgbò kan wá ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ, wọn ò gbédè ara wọn, ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ gbogbo ẹ̀.

Ẹ ó ní ìfẹ́ dà níbẹ̀? Mo ń bọ̀. Máníjà yẹn ń wá ìyàwó, ilé tó bá dé wọ́n á bi í pé iṣẹ́ kí lò ń ṣe, bọ́ọ̀lù ò kí ń ṣe iṣẹ́ lójú àna. Ìyá tiẹ̀ sì rèé, ó ti fẹ́ ọkọ mìíràn, ọmọ ò fẹ́ rí ọkọ ìyá yẹn sójú rárá, bàbá ọ̀hún á wá kí wọn, á jókòó bí ẹni tó jókòó sórí ẹ̀gún, á tún rọra dìde lọ. Bàbá tó tọ́ èmi alára dàgbà, àwọn kọ́ ló bí mi. Mo mọ bí mo ṣe máa ń jẹ́ wọn lóhùn tí wọ́n bá pè mí nígbà yẹn. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ní Kerala á mọ ìyẹn nípa mi, àfi bí mo ṣe jókòó síwájú fóònù tí omi ń bọ́ lójú mi, tí ọmọ mi ń wò mí tí ò mọ ohun tó máa sọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, ìfẹ́ ò kí ń ṣe ti ẹni méjì. Ìyá wà ńbẹ̀, bàbá wà ńbẹ̀, ẹ̀gbọ́n wà ńbẹ̀, gbèsè wà ńbẹ̀, ẹ̀sìn jókòó sáàárín ilé bí àga. Ṣé ohun tó yàtọ̀ sí tiwa nìyẹn, bàbá?

Mo ní kí ọmọ yìí bá mi wá àtijọ́ wọn. Ó gbé Chemmeen wá, 1965, Ramu Kariat ló darí ẹ̀, inú ìwé ìtàn tí Thakazhi Sivasankara Pillai kọ ni wọ́n ti mú un, òun sì ni fíìmù àkọ́kọ́ láti gúúsù Íńdíà tó gba ẹ̀bùn fíìmù tó dáa jù lọ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn. Ọmọ apẹja ni Karuthamma, ẹlẹ́sìn Hindu. Pareekutty tó ń ra ẹja, Mùsùlùmí. Àwọn méjèèjì fẹ́ra wọn dénú. Bàbá ọmọ wá lọ yá owó lọ́wọ́ Pareekutty yìí kan náà, ó fi ra ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n, kò san án, ó wá fa ọmọ lé apẹja mìíràn lọ́wọ́. (Ká ní Ìjẹ̀bú ni bàbá yẹn, gbogbo ayé ni ì bá ti ní ṣebí ẹ mọ̀ wọ́n, owó ni wọ́n mọ̀.) Àwọn apẹja yẹn gbà pé tí ọkọ bá wà lójú agbami, ìwà ìyàwó tó wà létí omi ló ń ṣọ́ ẹ̀mí rẹ̀, tó bá ṣìwà hù pẹ́rẹ́n òkun á gbé ọkọ mì. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan Pareekutty wá, ìfẹ́ àtijọ́ jí, òkun gbé ọkọ mì níbi tó ti ń bá ẹja ńlá kan jìjàkadì, nígbà tílẹ̀ mọ́ wọ́n bá òkú olólùfẹ́ méjèèjì létí omi, ọwọ́ wọn ṣì wà nínú ara wọn.

Mágùn ló wá sí mi lọ́kàn. Àwa náà ní tiwa. Ọkọ tó ń lọ sídàálẹ̀ á gbé nǹkan sílẹ̀ fún ìyàwó, á ní òun ò lè jẹ́ kí wọ́n bá òun pín in. Ìtàn yẹn pọ̀ nílẹ̀ yìí, inú fíìmù wa náà ló kún. Orí obìnrin ni gbogbo ẹ̀ ń já lé, níbí àti lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó ń bi òkun pé ọkọ tó dákọ̀ró sí èbúté kejì ńkọ́, kí lòun náà ń ṣe ńbẹ̀. Ó wù mí kí wọ́n gbé fíìmù yẹn lọ hàn wọ́n ní Ìwópin, létí ọ̀sà, lọ́dọ̀ àwọn tó mọ ohun tí omi ń ṣe, kí n wá gbọ́ àríyànjiyàn tó máa bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ìyàwó apẹja ńbẹ̀.

Ọ̀kan tún ti ṣáájú ìyẹn, Neelakuyil, 1954. Tíṣà kan láti ìdílé ńlá fún ọmọbìnrin kan lóyún, ọmọ àwọn tí wọ́n kà sí aláìmọ́ lọ́hùn-ún tí wọn ò gbọdọ̀ fara kàn. Kò gbà láti fẹ́ ẹ nítorí ìdílé. Ọmọ yẹn bímọ ó sì kú, alápò lẹ́tà ló gbé ọmọ tọ́. Tẹ́ ẹ bá ní àwa ò ní irú ẹ̀, ẹ bi àwọn alárenà, ẹ bi àwọn àgbà tó máa ń sọ pé kẹ́ ẹ dúró ná, a fẹ́ wádìí ilé yẹn, ṣé wèrè ò sí ńbẹ̀, ṣé wárápá ò sí ńbẹ̀, ọmọ ta ni bàbá bàbá wọn.

Ti ẹ̀sìn wá ni mo jókòó rò jù. Lọ́dọ̀ wọn, Hindu, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n jọ ń gbé, ojoojúmọ́ ni wọ́n jọ ń rajà, àmọ́ tọ́rọ̀ bá di ti ìgbéyàwó, ilẹ̀kùn á dún gbàgà. Annayum Rasoolum, 2013, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì tó ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù (ẹ ò rí i pé mo gbọ́dọ̀ fẹ́ràn ẹ̀) àti ọmọ Mùsùlùmí tó ń wa táksì ní Kochi, ojú lásán ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń tẹ̀ lé e wọ ọkọ̀ ojú omi láràárọ̀, ó sì parí sí ikú. Ennu Ninte Moideen, 2015, òótọ́ tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Mukkam, Kanchanamala tó jẹ́ Hindu àti Moideen tó jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n ti obìnrin yẹn mọ́lé fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́tà ni wọ́n fi ń gbé ìfẹ́ wọn, wọ́n ń dúró, wọ́n ń dúró, ní 1982 Moideen wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé lódò, ó ń yọ àwọn èèyàn, òun alára wá bá omi lọ. Kanchanamala ò fẹ́ ọkọ kankan. Ìyá Moideen ló mú un wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ọmọ òun, fún ọkùnrin tó ti kú, tí wọn ò ṣe ìdána kankan fún. Ìyá yẹn ló pa mí níbẹ̀.

Bàbá, n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, abẹ́ òrùlé kan náà lẹ ó ti bá Àlhájà àti ìyá ìjọ, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Ọjọ́ kẹta Iléyá tí a bá ń lọ Ojúde Ọba, mi ò tíì rí oníbàárà tó bi mí pé ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ ń lọ kẹ́ ẹ tó rán aṣọ régbérégbé wa. Kìrìsìtẹ́nì fẹ́ Mùsùlùmí títí, àwọn àgbà á kàn ní kẹ́ ẹ ṣe nikáì, kẹ́ ẹ sì lọ gba àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, oúnjẹ ló ṣe pàtàkì. Tiwa tó ń dá àwọn ọmọ níyà ni jẹ́nótáìpù. Mo ti rán aṣọ ìdána kan rí tí wọn ò wá gbà á mọ́, AS òun AS, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, aṣọ yẹn ṣì wà nínú àpótí mi, mi ò lè tà á, mi ò lè jù ú nù. Ìyẹn ò tíì ṣe fíìmù bí? Ta ni ń ṣe é fún wa?

Ọ̀rọ̀ sísá tẹ́ ẹ sọ, mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo Aniyathipraavu, 1997, Fazil ló darí ẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì sá lóòótọ́, mi ò purọ́ fún yín, torí àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin yẹn ń le bí ajá tí wọ́n dè mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n sá dé ibi tí wọ́n sá dé, tó ku kí wọ́n so yìgì, wọ́n wojú ara wọn, wọ́n ní báwo la ṣe máa gbádùn tí ìyá wa bá ń sunkún nílé, wọ́n wá padà, kálukú gba ilé bàbá ẹ̀ lọ. Àwọn ìdílé ló wá fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn. Ṣé fíìmù tó ń kọ́ ọmọ ní sísá nìyẹn? Àwọn ọmọ tiwa tó sá tí mo mọ̀ ládùúgbò yìí, kò sí ọ̀kan tó wo fíìmù kankan kó tó sá. Ìyà ilé ni wọ́n sá fún.

Mi ò ní kí gbogbo ẹ̀ dáa o. Premam, 2015, èyí tí àwọn ọmọkùnrin lọ́hùn-ún tìtorí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú pẹ̀lú aṣọ ìró wọn lọ sílé-ìwé, ó dùn lójú, ìyẹn náà mo gbà, oge ni, iṣẹ́ mi ni. Mo sì fẹ́ràn pé obìnrin tí wọ́n fi ṣe tíṣà inú ẹ̀, Sai Pallavi, wọn ò kun nǹkan bo irorẹ́ ojú ẹ̀, ojú tó gbé wá látilé ló fi ṣe é, gbogbo ayé sì yó ìfẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ìwé kó máa lé tíṣà ẹ̀ káàkiri, kó tún jẹ́ pé à ń rẹ́rìn-ín? Àti èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wọn àtijọ́, kí ọkùnrin máa tẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ kiri àdúgbò títí á fi rẹ̀ ẹ́ tó máa ní òun gbà, a ò gbọdọ̀ pe ìyẹn ní ìfẹ́. Àwọn fúnra wọn ti wá ń fèsì sí ara wọn báyìí. Uyare, 2019, ọmọbìnrin tó fẹ́ di pàílọ́ọ̀tì, ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀ fẹ́ máa mọ ibi tó wà, aṣọ tó wọ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀ la kọ́kọ́ ń pè ní owú ìfẹ́ títí ó fi da ásíìdì sí i lójú. Mo ní kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi wò ó. Ẹyọ kan nínú wọn, kò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù ẹ̀, mi ò bi í léèrè.

Ẹ jẹ́ n wá sọ èyí tó mú mi gbé bírò gan-an.

The Great Indian Kitchen, 2021, Jeo Baby ló ṣe é, Nimisha Sajayan ló ṣe ìyàwó. Orí ìkànnì kékeré kan ló kọ́kọ́ jáde kí àwọn ńlá tó wá gbà á. Kò sí ijó yí igi ká. Ìgbéyàwó alárenà ni, wọ́n mú ọmọ wá, ìdílé dáa, ọkọ tíṣà ni, kò mutí, kò lu ẹnikẹ́ni. Ó wá ku kíṣìnì. Ẹ wò ó, fíìmù yẹn, gígé ẹ̀fọ́ ni, fífọ abọ́ ni, gbígbálẹ̀ ni, páìpù abẹ́ síǹkì tó ń jò ni, ó ń sọ fún ọkọ kó pe púlọ́ńbà, ọkọ ń gbàgbé, omi ń rùn, ó ń nù ún, ó tún ń jò. Àwọn ọkùnrin á jẹun tán wọ́n á tutọ́ ìyàǹgbò sórí tábìlì, òun á jókòó jẹ tiẹ̀ nídìí ìdọ̀tí yẹn. Wọn ò tiẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lórúkọ nínú fíìmù ọ̀hún, ìyàwó ṣáà ni, ọkọ ṣáà ni, bàbá ọkọ ṣáà ni.

Bàbá ọkọ yẹn, kì í pariwo. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń sọ ọ́, ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́, pé ìyàwó mi, ìrẹsì orí iná igi ló dùn, kì í ṣe ti kúkà, pé àgbọn tí wọ́n fi ọwọ́ lọ̀ lórí òkúta ló dáa, pé aṣọ òun, kó má kó o sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ọwọ́ ni kó fi fọ̀ ọ́.

Bàbá ọkọ tèmi, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn ò bú mi rí láyé wọn. Ọdún tí mo kọ́kọ́ wọlé, mo gbé bùlẹ́ńdà wá látilé, ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni. Wọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "ìyàwó mi, ata yìí ń ta sánsán iná NEPA." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ọlọ ni mo fi lọ ata fún ọdún mẹ́sàn-án, láàárọ̀ kùtù kí n tó lọ ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú oyún nínú, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, tó bá di pé wọ́n fẹ́ jẹ ìkọ́kọrẹ́, èmi náà ni n ó rin ewùrà, tí ọwọ́ á máa yún mi títí n ó fi máa rán aṣọ oníbàárà. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ẹ wá báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan kan ń ṣe mí? Kí ni n ó ní wọ́n ṣe fún mi, pé wọ́n fi ẹ̀rín bẹ̀ mí? Àwọn ará Kerala, tí wọn ò mọ̀ mí, ló ṣàlàyé ẹ̀.

Ibì kan wà tí ọkọ mú ìyàwó lọ jẹun ní ilé oúnjẹ, ìyàwó ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ̀hẹ́n, o tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jẹun mọ́ tónítóní níta. Ojú ọkọ yí padà bìrí. Ó ní kó tọrọ àforíjì. Ọmọ mi tẹ fóònù dúró, ó wò mí, ó ní "Màámi, ẹ ti rí ojú yìí rí ni?" Mo ní gbé e tẹ̀ síwájú jàre.

Lópin ẹ̀ ìyàwó da omi ìdọ̀tí síǹkì yẹn lé ọkọ àti bàbá ọkọ lórí, ó jáde. Ọkọ fẹ́ ẹlòmíì, ẹni yẹn náà wọ kíṣìnì.

Kumbalangi Nights, 2019, ẹ wò ó tẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ sì tún bẹ̀rù. Ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó kan wà níbẹ̀, Shammi, Fahadh Faasil ló ṣe é, ó ń gé irùngbọ̀n níwájú dígí, ó rí bindi obìnrin (àmì tí wọ́n máa ń lẹ̀ síwájú orí) tó lẹ̀ mọ́ dígí, ó fi bíléèdì họ ọ́ dànù, ó wá wo irunmú ara ẹ̀, ó ní òun ni ọkùnrin pípé. Mo ti rán aṣọ fún ọkùnrin yẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó máa ń sanwó lásìkò, aṣọ ẹ̀ kì í hunjọ, tí ìyàwó ẹ̀ bá bá a wá, kì í sọ̀rọ̀, ọkọ ló máa ń sọ gígùn tó fẹ́ kí yẹ̀rì ìyàwó jẹ́. Lápá kejì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́rin tí ilé wọn ò ní ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n àgbà wọn ní kí àbúrò mú òun lọ rí dókítà torí òun ò lè sunkún, nígbà tó débẹ̀ ó sunkún títí aṣọ dókítà fi tutù. Ọkùnrin o! Ọkọ mi ní kí n pa á, pé kí nìyẹn. Mo ní jókòó.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rín nìkan lẹ fẹ́, Jaya Jaya Jaya Jaya Hey, 2022, ìyàwó tí ọkọ ń gbá létí lórí oúnjẹ, ó lọ fi fóònù kọ́ ìjà láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, ọjọ́ tó gbé ẹsẹ̀ sókè, gbogbo ṣọ́ọ̀bù mi pariwo "góòlù!" Kaathal, 2023, ti Mammootty, òṣèré ńlá wọn, tí ìyàwó kó ọkọ lọ sílé ẹjọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí ọkọ ń du ìbò lọ́wọ́, ìyẹn mi ò ní sọ ìdí ẹ̀ nínú bébà tí àwọn ọmọdé ń kà, ẹ wò ó fúnra yín, àmọ́ n ó sọ pé kò sí ẹni burúkú kankan nínú ẹ̀, ẹni méjì tí wọ́n tì mọ́nú ilé kan náà ni, tí wọ́n ṣì ń ṣàánú ara wọn.

Kí bàbá má wá rò pé ọ̀run rere ni Kerala. Fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ rárá, tí kò tiẹ̀ ní ohùn, J. C. Daniel ló ṣe é, obìnrin tó fi ṣe olólùfẹ́ inú ẹ̀, P. K. Rosy, ọmọ àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, wọ́n ní kó ṣe ọmọ ilé ńlá, inú bí àwọn aráyé pé irú ẹ̀, kó wá dàpọ̀ mọ́ wa, wọ́n lé e kúrò nílùú, kò ṣeré mọ́ títí ayé. Ìjà lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìfẹ́ ni sinimá wọn fi bẹ̀rẹ̀. Lóde òní náà ẹ̀wẹ̀, ìjọba Kerala gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní 2017, Adájọ́ Hema ló ṣolórí ẹ̀, láti wádìí ohun tí ojú àwọn obìnrin ń rí nídìí iṣẹ́ fíìmù yẹn, wọ́n fi ìwé sílẹ̀ ní ìparí 2019, oṣù kẹjọ 2024 ni aráyé tó rí i, ohun tó wà ńbẹ̀ ò ṣeé gbọ́ sétí. Ìdí tí mo fi gba fíìmù wọn gbọ́ náà nìyẹn. Ìwé yẹn pẹ́ kó tó jáde, àmọ́ fíìmù wọn kì í bo nǹkan.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá, àwọn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí, ẹ̀yin Olóòtú. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ń gbìyànjú, a ń wò yín, a ò ní fi yín sílẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣe ìgbéyàwó tán, tí gbogbo wa ti wọ aṣọ ẹbí, tí wọ́n ti náwó, ẹ ò ní jẹ́ kílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Tó bá sì mọ́, ìyá ọkọ á ti di àjẹ́, orógún á ti lọ sílé babaláwo, ẹnì kan á ti kú. Kò sí ilé tí kò sí àjẹ́ ńbẹ̀ tí inú obìnrin fi ń bàjẹ́ ni? Èmi tí mò ń rán aṣọ ìgbéyàwó, mo mọ ilẹ̀ ọjọ́ kejì. Ìyàwó á padà wá bá mi lóṣù kẹrin, á mú aṣọ ìdána dání, á ní "Àǹtí, ẹ bá mi mú un wọlé díẹ̀." Mo á na téèpù sí i, ìnṣì méjì ti lọ níbàdí. Mo á ní ṣé ara yá, á ní ara yá. Èmi á mú un wọlé. Ọkọ ò lù ú, ìyá ọkọ fẹ́ràn ẹ̀, ó fi fọ́tò wọn sórí WhatsApp láàárọ̀ yẹn. Téèpù mi ò kí ń purọ́. Ẹ ṣe ìyẹn ní fíìmù fún wa, ẹ gbé e sí Ìmọ̀wò n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ̀bà ńbẹ̀, kò ní ná yín lówó púpọ̀, kíṣìnì kan àti páìpù tó ń jò ni.

Bàbá Ṣágámù, ṣọ́ọ̀bù mi ò ṣòro láti rí, Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń wò ó lẹ́yìn iṣẹ́, tí iná bá wà. Ẹ mú màmá dání.

Ọkọ mi jókòó wo èyí tó jẹ́ ti kíṣìnì yẹn pẹ̀lú wa títí dé òpin, kò sọ̀rọ̀, kò kúrò. Nígbà tó parí, ó dìde, ó gbé abọ́ tó fi jẹun lórí tábìlì, ó gbé e lọ sínú síǹkì. Kò fọ̀ ọ́ o. Ó kàn gbé e débẹ̀ ni, ó sì dúró tì í díẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n fi ọṣẹ sí.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan, Ìjẹ̀bú-Òde.